Pákó Kò Wọ́, Ojú Ló Wọ́

Ó-Tọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà kan. Bó bá fá pákó tán, á gbé e sókè bí ẹni fẹ́ yìnbọn, á di ojú òsì, á fi ojú ọ̀tún wo etí pákó náà láti ìdí dé orí. Á ní, "Ó tọ́." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé pákó ilẹ̀kùn sókè. Lójú rẹ̀, etí pákó náà wọ́. Ó fi ìfági fá a. Ó tún wò ó, ó tún fá a. Kó tó sinmi, èérún igi ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, pákó náà sì ti kéré ju ohun tí ilẹ̀kùn ń fẹ́.

Ó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ta pákó náà fún un.

"Ìwọ oníplánkì yìí, ṣé mo bá ọ jà ni? Pákó tó wọ́ bí ìrù ajá lo kó fún mi."

Oníplánkì wo pákó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti mutí láàárọ̀ yìí ni? Mú okùn wá."

Wọ́n fa okùn le láti orí pákó dé ìdí. Okùn lẹ̀ mọ́ ọn, kò sí àlàfo kankan.

"O rí i báyìí? Kí ló wọ́ níbẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹnu rẹ?"

Káfíńtà tẹjú mọ́ ọn. Okùn tí wọ́n fà le yẹn náà wọ́. Ní àárín gan-an, ó yọ iké bí ẹ̀yìn ológbò tínú ń bí.

Ó di ojú ọ̀tún, ó fi ti òsì wò ó. Okùn tọ́. Ó ṣí ọ̀tún, ó di òsì. Okùn wọ́.

"Ó tọ́," ló wí.

Ojú náà kò dùn ún. Kò pọ́n, kò yọ ipin. Nítorí náà, kò sọ fún ẹnì kankan. Láti ọjọ́ yẹn, ojú òsì ló ń fi wo pákó. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ tí a ń di ojú kan ṣe, ojú kan tó o. Ó tan sìgá mìíràn; sìgá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Kí òjò ọdún náà tó dá, àbàwọ́n dúdú kan ti jókòó sí àárín ojú ọ̀tún. Bó bá fi wo ìṣó, orí ìṣó á pòórá. Ó ra awò ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà. Awò kò ràn án lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Káfíńtà rí ìró rẹ̀, ó rí bàtà rẹ̀. Níbi tó yẹ kí ojú àti imú wà, kùrukùru ni, àní lójú òsì pàápàá.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Kí la máa bá yín ṣe?"

Obìnrin náà sún mọ́ ọn tòun ti abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́.

"Ẹ̀ ń ṣàwàdà ni, àbí? Èmi tí mo se oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni."

"Ẹ ò mọ̀." Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti wọlé yín, ẹ ò pè mí ní mà rí. Ẹ dìde, ó di ilé ìwòsàn."

Dókítà ojú jẹ́ obìnrin tí kò dàgbà ju àkọ́bí wọn lọ. Ó tan iná wo ẹ̀yìn ojú méjèèjì, ó sì ya àwòrán wọn.

"Bàbá, ibì kékeré kan wà lẹ́yìn ojú, ní àárín gbùngbùn. Òun la fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀, òun la fi ń kàwé, òun lẹ fi ń rí orí ìṣó. Bí a bá ń dàgbà, ìdọ̀tí lè máa kó jọ sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíì á lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fura. Ti ẹlòmíì, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò lágbára á hù síbẹ̀, á máa jò. Omi tó jò á gbé ibẹ̀ sókè. Ìgbà náà ni ohun tó tọ́ á máa wọ́ lójú ẹni."

"Ṣé mo máa fọ́jú ni?"

"Ẹ̀gbẹ́ ojú á ṣì máa ríran. Ẹ ó rí ògiri, ẹ ò ní kọlù ú. Àárín ló ń lọ."

"Àárín ni mo fi ń jẹun."

"Mo mọ̀, sà."

"Ọ̀tún ńkọ́?"

"Ó ti di àpá. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Ti òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jò ni. Abẹ́rẹ́ la ó máa gún sínú ojú náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó lè dá a dúró. Mi ò lè búra."

"Ìgbà wo ló yẹ kí n ti wá?"

"Ọjọ́ tí nǹkan kọ́kọ́ wọ́ lójú yín."

Ó rántí okùn, ó doríkodò. Ìyàwó rẹ̀ wò ó.

"Ẹ ti mọ̀ láti ìgbà náà?"

"Ojú kan ṣì wà," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ yí ojú sí ògiri.

Wọ́n ti ń gún ojú òsì lábẹ́rẹ́, ó sì ti gbé ìfági kọ́ sórí ìṣó báyìí. Kò mu sìgá mọ́. Láràárọ̀, ó ń jókòó síwájú ilẹ̀kùn ilé, á fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, á fi ti òsì wo igi férémù. Ìyàwó rẹ̀ á béèrè láti ìdí iná pé:

"Ó tọ́?"

"Ó tọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ béèrè, kò gbọ́ "Ó tọ́." Kí ọkọ rẹ̀ tó lanu, ó ti wọ bàtà láti mú un lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ máa bo ojú kan, kẹ́ ẹ fi èkejì wo férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ wọn. Bí igi tó tọ́ bá wọ́, tàbí tí àbàwọ́n bá wà ní àárín, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kíákíá. Ẹ má dúró de ìrora, torí kò ní wá. Ẹ má ra awò tàbí oògùn ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ẹ jáwọ́ nínú sìgá, ẹ ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí àrùn yìí bá ti ṣe bàbá tàbí ìyá yín rí, ẹ sọ fún dókítà. Kódà bí kò bá sí nǹkan tó ń ṣe yín, ẹ máa lọ yẹ ojú wò.

Bí ojú kan bá ń purọ́ fún yín, ẹ má fi èkejì bò ó láṣìírí.