Aṣọ Tí Kò Bá Ẹnikẹ́ni Mu

Aṣọ kan wà lára dọ́mì nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò sì rántí pé èmi ni mo gbé e wọ̀ ọ́.

Dọ́mì ni ère aláìlórí, aláìlápá, tí àwa télọ̀ máa ń gbé aṣọ lé kí a lè rí bí yóò ṣe jókòó lára ènìyàn. Tèmi ti gbó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, mo máa ń fi pákó há a nídìí kó má baà ṣubú lu oníbàárà. Ní ìrántí tèmi, ìhòhò ni mo fi í sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: ṣífóónù aláwọ̀ eérú, tó dà bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ti ṣú, ni wọ́n kó jọ láti èjìká òsì, wọ́n gbé e gba àyà kọjá, wọ́n dì í mọ́ ìbàdí, ó wá ń ṣàn wálẹ̀ bí omi. Pínnì tó dì í mú tò tẹ̀lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí èmi fúnra mi ṣe máa ń tò wọ́n.

"Ta ló fọwọ́ kan aṣọ oníṣẹ́ yìí?" ni mo bi Oníbọ́tìnnì nígbà tó wọlé.

Oníbọ́tìnnì ni obìnrin tí a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa lu ihò bọ́tìnnì, kó máa so sípù, kó sì máa bú àwọn tó bá sanra ju aṣọ wọn lọ. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn.

"Ìwọ náà ni. Ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo kí ọ kú iṣẹ́, o ò dáhùn. Mo ní bóyá mo ṣẹ̀ ọ́ ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá.

Iṣẹ́ ìgbéyàwó la gbà. Ìyàwó jẹ́ ọmọ olóhùn jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé. Aṣọ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ tó máa tẹ̀lé e náà sì wà níbẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn wọ àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kí aṣọ ọ̀kan má rí bíi ti èkejì. Irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Èmi kì í gé ìwé àwòṣe ṣáájú fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ara ẹni tó ni ín ni mo máa ń tẹ́ aṣọ lé, màá yí i po, màá kó o jọ, màá wo ibi tó fẹ́ lọ. Ṣífóónù kì í gba àṣẹ. Bó bá kọ̀, ó kọ̀ nìyẹn.

Mo yọ gbogbo pínnì ara aṣọ náà, mo ká a, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá gbé aṣọ lé ọ̀kan nínú wọn léjìká, iṣẹ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ti jáde, tí mo ní kí n sinmi, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Màá jókòó, màá dìde. Màá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan kí wọ́n lè dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó tòògbé lórí ìjókòó, mi ò ní mọ nǹkan kan mọ́ títí Oníbọ́tìnnì á fi pariwo.

"O tún ti débẹ̀ o!"

Màá wò yíká, màá bá ara mi nídìí dọ́mì. Aṣọ tí mo tú ti padà sára rẹ̀, kò sí ibi kan tó fi yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo bá lábẹ́ aṣọ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Bí ara oníbàárà bá yàtọ̀ sí ti dọ́mì, a máa ń fi àkísà wé dọ́mì náà kí ìwọ̀n rẹ̀ lè bá ti oníbàárà mu. Mo ká aṣọ sókè, mo rí i pé mo ti wé e. Mo ti fún un ní ìdí díẹ̀, àyà díẹ̀. Mo ti fi àkísà gbé èjìká ọ̀tún ga, ti òsì wá rẹlẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó tí ara rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó alára kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a sọ ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í pa dé, pé kó bá mi gbé e wọ̀. Ó gbé e wọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Aṣọ náà gùn jù ú lọ, ó sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi kúrò lójú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ bá mi bọ́ ọ."

"Ṣé pínnì gún ọ ni?"

"Kì í ṣe pínnì. Ó ń móoru látinú, bí aṣọ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan tó wà nítòsí. "Aṣọ yìí ti ní ẹni tó ni ín."

Lọ́jọ́ kejì, Màmá wa yà kí n bá òun dín ọwọ́ búláòsì kan kù. Ó kí Oníbọ́tìnnì, ó ń bá a ṣàwàdà pé bí a bá ń rán aṣọ tó tóyìí, ó yẹ kí àwa náà wọ nǹkan gidi sọ́rùn. Ó yíjú, ó rí dọ́mì. Ó rìn lọ síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èjìká tó rẹlẹ̀ yẹn.

"Ta ló wọn ọmọ mi fún ọ?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí ojú mi ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá.

Àbúrò mi obìnrin, tí à ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú ilé, já bọ́ láti orí ògiri ọgbà nígbà tó wà ní kékeré. Egungun èjìká òsì rẹ̀ kán, kò sì jinná gún, ó wá rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Nígbà tó dàgbà, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ó ń pè wá lórí fóònù déédéé, ó ń fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun ti rí ẹnì kan, òun máa mú un wá kí wa. Lẹ́yìn náà, a ò gbóhùn rẹ̀ mọ́. A wá a títí. A dé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ó ti fibẹ̀ sílẹ̀. A béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá, a béèrè káàkiri àwọn ilé ìwòsàn. Orí wíwá yẹn ni Bàbá wa kú sí. Màmá kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àbúrò mi ní òkú rí. "Ọmọ mi tó rìnrìn àjò" ló máa ń pè é.

"Màmá, mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é," ni mo wí. "Màá tú u."

"Ìwọ tú u, kí o rí mi!" Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Parí rẹ̀. Bó bá ń bọ̀, kó bá a nílẹ̀."

Mo bá rán an. Mo ti rán ṣífóónù fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò rí èyí tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́ bí ajá ṣe ń tẹ̀lé olówó rẹ̀. Màmá ń wá lójoojúmọ́, ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á gbórí sókè. Bó bá rí i pé oníbàárà lásán ni, á tún gbórí sílẹ̀. Mo fara da pínnì, mo fara da ìfòyà. Gbígbórí sókè yẹn ni mi ò lè fara dà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa kó aṣọ, ìyàwó mú ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kó lè bá a kó wọn sínú ọkọ̀. A ò tíì rí ọkùnrin náà rí. Iṣẹ́ ló gbé e dé ìlú wa, ó sì mọ ènìyàn kí. Ó tẹ̀ ba fún Màmá, ó bi í léèrè àlàáfíà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kó aṣọ lé apá, ó yí padà láti jáde, ó bá dọ́mì pàdé.

Gbogbo aṣọ apá rẹ̀ já bọ́. Kò bẹ̀rẹ̀ kó wọn.

"Ta lẹ rán èyí fún?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn.

"Àbúrò mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé."

Kò wò mí. Èjìká yẹn ló ń wò. "Ṣé… ṣé ó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín?"

Màmá dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àgékù aṣọ, ó sì sọ ọ́. Òun ni ẹni tí àbúrò mi ní òun rí. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ó ní àìsàn ló mú àbúrò mi, kò sì pẹ́ rárá tó fi kú. Ó ní òun ò mọ ilé wa, fóònù rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Òun ló sin ín.

Màmá kò sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì ìgéṣọ, ó ń fi ìka tẹ́ aṣọ kan tí kò ká.

"Ṣé ó jìyà?"

"Rárá, Màmá. Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ni mò ń bu omi fún un títí tó fi dákẹ́, kò gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó máa ń sọ pé, ọjọ́ tí mo bá máa gbé ìyàwó mìíràn, òun á wà láàárín àwọn tó máa tẹ̀lé e. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni."

"Àìsàn wo ni?" Màmá bi í.

Ó la ẹnu. Oníbọ́tìnnì dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé, ó tún là á, kò sí nǹkan kan tó jáde. Gbogbo wa ń wò ó. Ìyàwó, tó fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, ń wò ó ju gbogbo wa lọ.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà mú wa lọ síbi tó sin ín sí. Ibojì náà mọ́, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, orúkọ wà lórí rẹ̀. Màmá ló gbé aṣọ náà dání nínú ọkọ̀, lórí itan, ní gbogbo ọ̀nà. Ó tẹ́ ẹ sórí símẹ́ǹtì yẹn, ó ń tún ìkójọ rẹ̀ ṣe lẹ́yọ lẹ́yọ, láti èjìká dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń múra fún ọmọ. Ibẹ̀ ló ti wá sunkún. Ọkùnrin náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kò sún mọ́ wa. Atẹ́gùn ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ewé ń yí kiri nílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣífóónù yẹn, tó fúyẹ́ ju ewé lọ, kò mira.

Nígbà tí a délé, ọwọ́ mi dúró. Mo lè jókòó. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, ó sì ń dárúkọ ọmọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ìyàwó tó wá sí ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan. Ó ní kí n tọ́jú àwọn aṣọ yòókù tàbí kí n tà wọ́n. Òun ò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́.

"Nítorí àìsàn tí kò lè dárúkọ yẹn?" ni mo bi í.

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan, Àǹtí." Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé Oníbọ́tìnnì ti jáde, síbẹ̀ ó sún mọ́ mi. "Ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ sí mi létí ni. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo rò pé ẹ kàn ń ṣeré ni nígbà yẹn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tẹ́ ẹ ti sọ ọ́, mi ò mu omi nílé rẹ̀ mọ́."

"Kí ni mo sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni rò pé mo ń dán òun wò. "Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbé aṣọ sí mi lára. Ẹ ó dúró sẹ́yìn mi, ẹ ó ní, 'Bó bá bu omi fún ọ, má mu ún.'"

Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́, mi ò bá ẹni tí mò ń gbé aṣọ sí lára sọ̀rọ̀ rí. Pínnì ló máa ń kún ẹnu mi.