Ẹ̀wà Dúdú Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣí ìwé yìí, mo kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí wa sí.

"Hettie, wo ọrùn aṣọ mi, ṣé ó tọ́?"

"Ó tọ́ jàre! O kàn ń gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa. Ìwọ tí o mọ̀wé ju gbogbo wa lọ!"

Yàrá ìkàwé Ẹgbẹ́ Obìnrin Ìmọ́lẹ̀ ni Lovinia àti Hettie, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wà, ní ìlú kékeré kan ní Kansas, ní ọdún 1911. Ilé ìkàwé ìlú kì í gba àwa ènìyàn dúdú láàyè. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé pọ̀ nínú ilé ìdáná, tí wọ́n ń bẹ aláìsàn wò, tí wọ́n sì ń ta kéèkì títí wọ́n fi kọ́ yàrá tiwọn. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń rán ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ohun tí Lovinia, ọmọ alágbàfọ̀, ń fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́. Hettie ti wọlé ní èṣí. Ní gbogbo ìgbà òtútù, ìdí iná kan náà ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí, tí Lovinia ń ka ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, tí Hettie sì ń gbọ́ ọ.

Lovinia dìde, ó sọ̀rọ̀ lórí omi kànga àti ibà àwọn ọmọdé. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ gba ẹ̀wà funfun kan àti dúdú kan láti fi dìbò: funfun ni kó wọlé, dúdú ni kó má wọlé. Wọ́n ń ju ọ̀kan sínú àpótí, wọ́n sì ń dá èkejì padà sínú àwo tí a fi aṣọ bò. Dúdú kan péré ti tó láti lé ènìyàn padà.

Ìyáàfin Pettiford, ààrẹ ẹgbẹ́, ṣí àpótí. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Dúdú kan wà níbẹ̀."

Hettie fò dìde, ó gbá Lovinia mọ́ra. "Áà, ọ̀rẹ́ mi! Ta ló burú tó báyìí?" Ó fa aṣọ ìnujú yọ nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti nu omijé Lovinia. Ẹ̀wà funfun kan, èyí tó gbàgbé láti dá padà sínú àwo, bọ́ sílẹ̀.

Lovinia wo ẹ̀wà náà, ó tún wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Hettie. Ìwọ?"

"Tó o bá wọlé, ìwọ ni wọ́n máa rán," ni Hettie wí wúyẹ́wúyẹ́. "O mọ̀ pé o jù mí lọ."

"Gbogbo ìgbà tí mo ń kàwé fún ẹ, o ń rẹ́rìn-ín sí mi!"

Màmá Odessa, àgbà ẹgbẹ́, pòṣé. "Hẹn-ẹn! O ṣá a tán, o tún ń nu ẹ̀jẹ̀ fún un! Ojú ò tilẹ̀ tì ẹ́?"

"Mà, ṣé ẹ ò lè tún ìbò náà dì?" ni Lovinia bi ààrẹ.

"Òfin wa ni pé ó di ọdún tó ń bọ̀, ọmọ mi." Ìyáàfin Pettiford pa àpótí náà dé. "Wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ wa nílùú yìí, àwa náà wá ń fi ẹ̀wà tìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ wa. Hettie, a ò ní rán ọ. A ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí."

Lọ́dún kejì, ọwọ́ ni wọ́n nà sókè ní gbangba dípò ẹ̀wà, Lovinia sì wọlé. Hettie ti wá bẹ̀ ẹ́ kó tó dìgbà náà, Lovinia sì dárí jì í, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti pàṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tuntun dánra wò, ògiri ló kà á fún, kì í ṣe Hettie mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìlara gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ Hettie, ó sì gba ọ̀rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe ba ọ̀nà ẹlòmíràn jẹ́ kí tiyín lè là. Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹni tí ẹ fọkàn tán dà yín, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ di ọ̀dàlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Àmín.