Káàdì Tí Olè Fi Sílẹ̀

Inspẹ́kítọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹ̀rọ̀pẹ̀sẹ̀, nítorí pé kì í pariwo, kì í sì í kánjú, dúró sáàárín yàrá iṣẹ́ obìnrin kan, ó ń fi ọwọ́ họ orí. Ọ̀rọ̀ náà ò yé e rárá.

Olè ti wọlé síbẹ̀, àmọ́ ilẹ̀kùn ò fọ́, fèrèsé ò ṣí. Ó tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó yọ káàdì tó ń gbé àwòrán sójú rẹ̀, ó nu eruku inú rẹ̀ nù, ó fi gbogbo nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dè é padà, ó sì fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lórí tábìlì kan náà, káàdì tuntun tó lágbára ju èyí tó jí lọ fíìfíì wà nínú páálí rẹ̀. Olè ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," ni inspẹ́kítọ̀ wí. "Ó gbé ògbólógbòó, ó fi tuntun sílẹ̀?"

"Bó ṣe yà yín lẹ́nu ló ṣe yà mí lẹ́nu, sà," ni obìnrin tó ni yàrá náà dáhùn. Ayàwòrán ni, eré aláwòrán fún àwọn ọmọdé ló ń yà. Ojú rẹ̀ ti wú. "Ọ̀la ló yẹ kí n gbé eré yìí fún àwọn tó ní kí n ṣe é. Kọ̀ǹpútà ò sì fi nǹkan kan hàn mọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ki tuntun yìí bọ̀ ọ́?"

"Atúnkọ̀ǹpútàṣe mi sọ pé kò tíì ṣeé kì bọ̀ ọ́. Mi ò mọ ìdí. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ mi kan, ẹ sì ti tì í mọ́lé láàárọ̀ yìí."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, atúnkọ̀ǹpútàṣe jókòó sẹ́yìn irin láìwọ bàtà, inú ń bí i burúkú.

"Sà, bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ jalè, ṣé ògbólógbòó ni màá jí? Ṣé orí mi dàrú ni?"

"Orí tèmi ló dàrú," ni inspẹ́kítọ̀ wí. "Là mí lóye. Kí ló ṣe tuntun náà tí kò fi ṣeé lò?"

"Ètò kan ló ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà. Káàdì gbọ́dọ̀ lè bá ètò yẹn sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe káàdì tuntun ò ṣe é kó gbọ́ ti ètò àtijọ́ mọ́. Bẹ́ ẹ bá kì í bọ̀ ọ́, á kàn ṣókùnkùn ni. Mo fẹ́ kọ́kọ́ pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ayàwòrán náà ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo pé kí àwọn oníbàárà mi wo ètò orí ẹ̀rọ wọn kí wọ́n tó ra káàdì. Wọn kì í gbọ́."

"Ta wá ni ògbólógbòó lè wúlò fún?"

"Ẹni tí ètò tirẹ̀ náà ti pẹ́, tí kò sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ètò tuntun ò ní lè ṣí."

Inspẹ́kítọ̀ padà sílé ayàwòrán, ọ̀rọ̀ yẹn ń yí lórí rẹ̀. Ó gun òkè lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, láti bi í bóyá ó gbọ́ ariwo kankan. Àwọn méjèèjì ló jogún ilé náà, ṣùgbọ́n wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni nọ́ọ̀sì wí.

Kọ̀ǹpútà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó. Káàdì àwòrán tuntun kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, láìsí páálí.

"Èyí ńkọ́?"

"Èmi ni mo rà á. Kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ti fọ́jú, ó ti pẹ́."

Inspẹ́kítọ̀ rọra gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà. Ó gbóná. Ló bá jáde sórí àtẹ̀gùn, ó pe ayàwòrán.

"Ẹ̀gbọ́n yín ló mú káàdì yín," ló wí nígbà tí ayàwòrán gòkè dé yàrá náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹni tí kò lè jí abẹ́rẹ́!"

"Olè wo ló ń nu eruku nù? Ọmọ ilé ló ṣe é, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́, tí ìmọ́tótó sì ti mọ́ lára. Káàdì tirẹ̀ bà jẹ́, ó ra tuntun, ètò ẹ̀rọ rẹ̀ ò gbà á. Ògbólógbòó nìkan ló lè là á lójú. Ó ní ó ti fọ́jú, ó sì gbóná bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí iṣẹ́. Ohun tí kò yé mi ni ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí níbẹ̀, nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì lọ sídìí kọ̀ǹpútà náà. Ó ká aṣọ kúrò, ó tẹ nǹkan kan. Obìnrin àgbàlagbà kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń fojú wá ibi tó yẹ kó wò. "Ṣé ó ti ń gbà á sílẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Ayàwòrán dì mọ́ ògiri. "Màámi!"

"Nígbà àìsàn tó pa wọ́n ni mo gba fídíò yìí sílẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀rọ mìíràn ò lè ṣí i. Mo sọ fún ẹ pé ẹ̀rọ mi bà jẹ́, o ní kí n lọ da pàǹtí náà nù."

"Ẹ ò sọ pé Màámi ló wà níbẹ̀!"

"O ò dúró gbọ́."

"Èèyàn kan wà látìmọ́lé nítorí yín," ni inspẹ́kítọ̀ wí jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì wọ bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ lé e lọ sí àgọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí irin fún atúnkọ̀ǹpútàṣe, nọ́ọ̀sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Atúnkọ̀ǹpútàṣe gbọ́ ọ tán, ó wá bàtà rẹ̀ wọ̀.

"Irú káàdì yẹn méjì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ẹ ò bá kàn béèrè lọ́wọ́ mi."