Ẹ Má Tíì Gun Àkàbà Yẹn

Omi tíì ti ń hó nínú kẹ́tù nígbà tí Attracta Gormley gbọ́ ìró katakata lójúde. Òjò ń rọ̀ bí òjò ìgbèríko Leitrim, ní ilẹ̀ Ireland, ṣe máa ń rọ̀, bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn aládùúgbò bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àkàbà, ayùn, àti àwọn àpò òwú ńlá tí wọ́n máa ń tẹ́ sókè àjà kí ooru ilé má baà sá jáde.

Bàbá Fintan, tí í ṣe àbúrò olóògbé bàbá Attracta, ló ṣáájú wọn.

"Attracta, po tíì! Ọ̀wẹ̀ dé. Kílẹ̀ tó ṣú, òkè àjà yìí á ti móoru ju abẹ́ irun àgùntàn lọ."

Inú Attracta dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Concepta, wà nílé ìwòsàn, àyà ń dùn ún. Dókítà ti sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ìyá kò gbọdọ̀ padà sínú ilé tútù yẹn. Bí ilé kò bá móoru kí ìgbà òtútù tó dé, ilé àwọn arúgbó ni wọn yóò gbé e lọ, ìyá sì ti ní òun kò fẹ́ kú sáàárín àjèjì. Ìdí nìyẹn tí Attracta fi ń tún ilé ṣe, tó sì ti béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba fún òkè àjà àti ògiri. Èsì kò tíì dé.

Ní ilẹ̀ wọn, ẹni tó bá kọ ọ̀wẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò nìyẹn. Attracta bẹ̀rẹ̀ sí í to ife.

Ibi tó ti ń gé búrẹ́dì ni Nuala Brehony bá a. Wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ ni. Iṣẹ́ Nuala báyìí ni láti máa la àwọn onílé àgbègbè náà lọ́yẹ̀ nípa owó ìrànwọ́ yìí.

"Kí ni àwọn yẹn ń ṣe lójúde?"

"Ọ̀wẹ̀ ni o. Wọ́n fẹ́ tẹ́ òwú sókè àjà."

"Ṣé ìfọwọ́sí ti dé ni?"

"Rárá. Ṣebí mo ti béèrè?"

"Ìbéèrè kọ́ ni ìfọwọ́sí! Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìjọba tó fọwọ́ sí i, owó òkè àjà ti lọ nìyẹn. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìjọba ló sì gbọdọ̀ ṣe é. Ta ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú wọn?"

Attracta yọjú lójú fèrèsé. Packie Tansey, tó ń sin màlúù, ló di àkàbà mú.

"Packie?" ni Nuala wí. "Màlúù ló mọ̀."

Láìsí ìrànwọ́ yẹn, agbára Attracta kò ká iṣẹ́ ilé náà. Ó rántí ohùn ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tó ń bi í pé, "Ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wálé?" Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì jáde sínú òjò láìwọ ẹ̀wù òjò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gun àkàbà yẹn!"

Bàbá Fintan ti gbé ẹsẹ̀ kan lé e. "Kí ló dé? Tíì ò tíì jinná ni?"

"Ìjọba ò tíì fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá tẹ́ òwú yẹn, wọn ò ní fún mi lówó mọ́."

"Ìjọba! Nígbà tá a kọ́ ilé yìí, ta ló bi ìjọba? Ọwọ́ wa la fi kọ́ ọ."

"Òótọ́ ni," ni Packie dá sí i, "ìdí tí atẹ́gùn fi ń gba inú ògiri kọjá nìyẹn."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Bàbá.

"Attracta, ṣé o ń lé wa ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ ọ̀wẹ̀ mi?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé eegun, ṣùgbọ́n kò kúrò nídìí àkàbà.

"N ò lé yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, àárín àjèjì ni Màmá máa wà. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún un?"

Ta ló láyà láti lọ bá Concepta sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Bàbá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àkàbà.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n n ò lè wa katakata padà lásán. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Nuala ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ bá a kó ẹrù òkè àjà sílẹ̀, Bàbá. Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ kì í sì í báni kó ẹrù. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ni Bàbá bá gun àkàbà. Wọ́n kó ibùsùn ọmọdé sọ̀kalẹ̀, àga tí kò lẹ́sẹ̀, àti àwòrán ẹni mímọ́ kan tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́ tí kò sẹ́ni tó láyà láti jù ú nù. Àpò òwú bá Bàbá padà sílé. Òkè ilé àgùntàn rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sí; ní ti ooru, ilé náà kò lẹ́gbẹ́ báyìí.

Ìfọwọ́sí dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Attracta yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, torí ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ìjọba máa ń san tiwọn. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ṣe òkè àjà àti ògiri kí òtútù tó dé, wọ́n yẹ ilé náà wò, owó sì jáde.

Ìgbà òtútù ti wọlé nígbà tí Concepta padà dé. Ó jókòó nídìí ààrò, ó na ọwọ́ sí i.

"Ta ló dá iná yìí?"

"Kò síná níbẹ̀, Màmá."

Ìyá wo ààrò, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wá rọra bọ́ ẹ̀wù òtútù tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ nínú ilé yẹn, ó ní kí Attracta fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ilé ṣe, kí òòlù tó kan ògiri, ẹ béèrè irú ìrànwọ́ tó wà fún yín. Bí ẹ bá ti béèrè, ẹ dúró de ìfọwọ́sí. Ẹ má ra ohun èlò sílẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ìjọba mọ̀ ni kí ẹ gbé e fún, kí ẹ sì wá owó tí ẹ ó fi ṣe é ná, torí ẹ̀yìn iṣẹ́ lowó ń jáde. Bí ọ̀wẹ̀ bá sì dé kí ìfọwọ́sí tó dé, ẹ má lé wọn. Ẹ po tíì, kí ẹ ní kí wọ́n kó ẹrù.