Ojú Tí Ìyá Lé Tìróò Sí

Ọjọ́ tí Hassanat kọ́kọ́ rí Dàwódù, òjé ló gbé wọ ilé ìwòsàn wọn, ó fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹni gbé ẹran bọ̀ láti Oko Ọba.

"Etí rẹ̀ yìí gùn jù," ni Hassanat wí. "Ẹ lọ tún un dà."

Dàwódù rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá fẹ́ yín á gbọ́ 'ẹ lọ tún un ṣe' títí."

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ná."

Ìgbà SAP ni, tí owó náírà já wálẹ̀. Ilé ìwòsàn ò rí òjé tí wọ́n fi ń dí ìtànṣán ẹ̀rọ rà láti òkè òkun mọ́, ni wọ́n bá ń rán àwòrán òjé àti ihò tí ìtànṣán máa gbà kọjá sọ́dọ̀ Dàwódù, tó ń yọ́ òjé bátìrì ní Agége. Iṣẹ́ Hassanat ni kó yẹ ètò ìtọ́jú wò kí aláìsàn tó dùbúlẹ̀. Á gbé fíìmù orí onítọ̀hún síwájú iná, á gbé òjé lé e. Ṣé ìtànṣán máa kan gbogbo kókó àrùn? Ṣé kò ní kan ojú tó dára? Bí ọ̀kan bá kù, kò ní bu ọwọ́ lù ú.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ òjé fi di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Hassanat a máa lọ sí Agége lọ wo bó ṣe ń tẹ àwòrán sínú iyanrìn.

"Ohun tí iyanrìn bá gbà, òdì ló máa ń bí: ọ̀tún á di òsì," ni Dàwódù kọ́ ọ. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yí bébà dojú dé kí n tó tẹ̀ ẹ́, àyànfẹ́ mi."

Ìyá Dàwódù, Sìlífátù ará Ògbómọ̀ṣọ́, ò gbà kí wọ́n fẹ́ra. "Obìnrin tó ń fi iná sun orí ọmọlọ́mọ?"

Àfi bí kókó ṣe yọ lẹ́yìn ojú òsì ìyá fúnra wọn, tí wọ́n sì gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn Hassanat.

Kí iṣẹ́ lè fúyẹ́ fún olólùfẹ́ rẹ̀, Hassanat yí àwòrán òjé ìyá dojú dé fúnra rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Kò sọ fún un. Dàwódù náà yí i bó ti máa ń yí i. Nígbà tí òjé dé, Hassanat wò ó pé iṣẹ́ ọwọ́ Dàwódù ni. Kò gbé e lé fíìmù. Ó bu ọwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyá ti gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀kan, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó gbé òjé lé fíìmù. Òjé bo kókó mọ́lẹ̀ pátápátá. Ojú ọ̀tún, ojú tó dára, ló wà ní gbangba.

Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa fi orí sí.

"Ìwọ náà lo sọ pé ti ọjọ́ kan ò lè fọ́ ojú," ni Dàwódù wí. "Jẹ́ kí n tún un dà, ká panu mọ́."

"Mo bu ọwọ́ lù ú láìwò ó. Tí mo bá panu mọ́, ẹnu wo ni mo máa fi pè wọ́n ní ìyá?"

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá, ó rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbójú sókè.

Ìyá fi ọwọ́ kan ojú ọ̀tún wọn. "Ṣé ojú mi á fọ́?"

"Rárá, mà. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Máa lọ."

Nígbà tí òjé tuntun dé, ìyá wọlé, ojú ọ̀tún nìkan ni wọ́n lé tìróò sí.

"Èyí tí mo lé tìróò sí, ẹ má fi iná kàn án. Ìwọ, gbé òjé rẹ lé fíìmù níṣojú mi."

Hassanat gbé òjé lé fíìmù níwájú iná. Ìyá fi ìka tọ etí òjé yípo kókó náà. "Ṣé ihò rẹ̀ gbà á tán?"

"Ó gbà á tán, mà."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko tí ìtọ́jú gbà, ojú kan ni tìróò wà. Ìyá kò pe Hassanat lórúkọ lẹ́ẹ̀kan.

Kókó náà súnkì. Lọ́jọ́ yìgì, Hassanat ò lè gbójú sókè wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Tìróò wà lójú méjèèjì.

"Yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, Hassanat," ni ìyá wí, "kó o tó bu ọwọ́ lù wọ́n."