Orin Inú Ilé Búrẹ́dì

Ìyẹ̀fun ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú ọmọbìnrin tó wọlé wá bá a. Ó wà lápá rẹ̀, ó wà níwájú irun rẹ̀, àní ó wà létí kan. Ọmọbìnrin náà gbé fóònù méjì lé orí tábìlì. Ọ̀kan tuntun ni, wọn ò tíì já ọ̀rá kúrò lójú rẹ̀. Bátìrì èkejì ti wú débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ò pa dé mọ́, rọ́bà ni wọ́n fi so ó.

"Ẹ káàsán o. Orin inú èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kó sínú tuntun."

"Ṣé orin nìkan?"

"Orin nìkan ni. Ti bàbá mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo já bọ́."

Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ka ìwé ẹnjiníà kankan. Fóònù ló ń tún ṣe. Ó mọṣẹ́, ó sì fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Bí o bá sún àga kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ títí yóò fi dá a padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó bá obìnrin tó wù ú sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọbìnrin oníyẹ̀fun yìí rẹ́rìn-ín sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni yóò bá òun sọ ọ́.

Nígbà tó ṣí fóònù àtijọ́, ó rí i pé nọ́ńbà wà níwájú orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ sì rí wúruwùru bí ohun tí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí tẹ̀. Orin ìjọsìn wà láàárín orin ijó, orin àwọn ọmọdé tẹ̀ lé tàwọn àgbà. Ara rẹ̀ ò gbà á. Ohun èlò kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó lè tún gbogbo orúkọ kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi nu gbogbo nọ́ńbà yẹn kúrò, ó to orin náà ní ẹgbẹẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àwọn tó kọ wọ́n, ó sì wá àwòrán tó dára sí wọn lára. Ó ń súfèé bó ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yẹn.

Ọmọbìnrin náà padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sì ń fi ìka yí orin náà lọ sókè sódò.

"Ó mà rẹwà o. Ṣé ó pé?"

"Ó pé. Kò sí ìkankan tó dín."

"Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ máa mú ti àtijọ́ yẹn, bóyá ẹ ó rí nǹkan kan yọ lára ẹ̀."

Kó tó délé, Ẹnjiníà ti tú fóònù náà palẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sára fóònù oníbàárà mìíràn, bátìrì rẹ̀ lọ sínú garawa ìdọ̀tí. Ibi tí orin wà nínú rẹ̀, ó ti nù ún mọ́ kedere, bó ṣe máa ń ṣe fún ohun gbogbo.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọbìnrin náà tún fi wá. Búrẹ́dì kan ló dì sínú bébà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dúdú kirikiri.

"Mo fẹ́ fi dúpẹ́ ni," ó wí, ojú ń tì í. "Ẹ bá mi gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò kí ẹ tó jẹ ẹ́. Mi ò mọ ohun tó dé bá ọwọ́ mi."

Ó jókòó, ó sì rojọ́ ara rẹ̀ fún un. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé búrẹ́dì tó wà ní igun òpópónà. Ọwọ́ bàbá yìí kì í kúrò nínú ìyẹ̀fun, kì í ráyè wo aago, nítorí náà orin ló fi ń mọ àkókò. Bí orin kan bá bẹ̀rẹ̀, ó ń po ìyẹ̀fun. Bí òmíràn bá dé, yóò fi aṣọ bò ó kó lè wú. Bí ti obìnrin olóhùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá wọlé, páànù wọ ààrò. Bí ti àwọn onífèrè bá dún, páànù jáde. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi to orin náà, ó ń yọ ọ̀kan, ó ń fi ọ̀kan dípò, títí tó fi bá iṣẹ́ mu rẹ́gí. Àfi ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ṣe é. Àìsàn náà mú ẹsẹ̀ kan àti ọwọ́ kan, ó sì mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ pé iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ti ń tajà láti kékeré, wá di ẹni tó ń dá dúró nídìí ààrò. Orin yẹn nìkan ló ń tọ́ ọ sọ́nà; àwọn tó ń pe iṣẹ́ ló mọ̀, kò mọ iye tó wà láàárín wọn.

"Nígbà tí mò ń lo fóònù àtijọ́, búrẹ́dì mi ò jóná rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń tún un bi yín. Ṣé lóòótọ́ lorin yẹn pé?"

Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyẹn padà wá síwájú Ẹnjiníà, bó ṣe nù wọ́n kúrò tòun ti súfèé. Ó yẹ kó sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Ó tiẹ̀ ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ń wò ó bí ẹni tó ti fọkàn tán an, ìyẹ̀fun sì wà létí rẹ̀ síbẹ̀.

"Ó pé," ló wí.

Ẹ gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Orin pé lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra ni kò sí mọ́.

"Á jẹ́ pé ọwọ́ mi ni nígbà yẹn," ọmọbìnrin náà wí jẹ́jẹ́, ó sì tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Ẹnjiníà bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ilé búrẹ́dì ló ń gbà lọ. Ó ń gbé àpò ìyẹ̀fun, ó ń la igi, ó ń fọ páànù títí wọn yóò fi máa dán. Ọmọbìnrin náà rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wà nínú rẹ̀, Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ èyí tó ń gbé òun lọ síbẹ̀ nínú méjèèjì. Bó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, yóò máa to àwọn orin náà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò tún máa tò wọ́n báyìí, kò bá ara mu.

"Olùfẹ́ mi," ni ọmọbìnrin náà máa ń wí bó bá gbé omi fún un, "bí kì í bá ṣe tìrẹ, ǹ bá ti sá fún iṣẹ́ yìí."

Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Ẹnjiníà á gbé omi náà kalẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí fọ páànù.

Ọmọbìnrin náà ra aago kọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ iye ìṣẹ́jú fún un? Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan búrẹ́dì á jóná, lọ́jọ́ kejì àárín rẹ̀ á rọ̀ bí àmọ̀. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń kẹ́dùn, lẹ́yìn náà wọ́n ń gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ní ọjọ́ kan ó fi orí lé èjìká Ẹnjiníà, ó sunkún pé òun ti ba orúkọ bàbá òun jẹ́. Ẹnjiníà fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Má sunkún mọ́, ayọ̀ mi." Ó kórìíra ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ti Bàbá tún wá ń dun ni ju gbogbo rẹ̀ lọ. Orí àga kan nítòsí ààrò ni wọ́n máa ń gbé e jókòó sí. Bí orin bá ti ń dún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ tó kù fún un lu apá àga, gbà, gbà, gbà, ojú rẹ̀ á pọ́n, omi á máa bọ́ níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, wá kí wọn, ó sì rí i.

"Ariwo orin yìí ń ni ẹ̀gbọ́n mi lára," ni Àǹtí wí. "Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa gbé e lọ sí yàrá inú, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn."

Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló gbé àga náà.

Àǹtí fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó ní ọmọ tó ń fọ páànù mọ́ tó báyìí kò ní fi ìyàwó ṣeré. Lọ́jọ́ tó padà wá, ó kó àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, orin ń lọ nínú fóònù, ilẹ̀kùn yàrá inú wà ní títì.

"Ọmọ mi, o ti ṣe gbogbo ohun tágbára rẹ gbé. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ gba ilé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi á wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, kí èmi máa tọ́jú rẹ̀. Kí ẹ̀yin náà wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹnjiníà, ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ."

Ọmọbìnrin náà ò jiyàn. Ó kàn ń fi èékánná họ ìyẹ̀fun tó gbẹ mọ́ ara tábìlì.

"Ẹ bá mi sọ fún ẹni náà pé mo gbà, Àǹtí. Ohun tí Bàbá fi gbogbo ayé wọn kọ́ ni mo bà jẹ́. Ọwọ́ mi ò mọ iṣẹ́ yìí."

Ẹnjiníà dìde.

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ tèmi ni."

"Kí lo wí?"

"Nọ́ńbà wà níwájú àwọn orin yẹn nígbà tí o gbé wọn wá. Bàbá ló kọ wọ́n síbẹ̀. Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò, torí mo fẹ́ kó lẹ́wà lójú rẹ, kí o lè rí i pé mo mọṣẹ́. Bí orin yẹn ṣe tò tẹ̀ léra, mo ti bà á jẹ́. Mo sì ti tú fóònù àtijọ́ palẹ̀."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí o gbé búrẹ́dì tó jóná wá fún mi."

Ọmọbìnrin náà fà sẹ́yìn kúrò nídìí tábìlì.

"O mọ̀, o wá ń bá mi fọ páànù. Mo sunkún sí ọ lára, o nu ojú mi, o sì mọ̀."

Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu. Orin inú fóònù parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Láti yàrá inú, wọ́n gbọ́ ọ: gbà, gbà, gbà.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí ilẹ̀kùn yẹn. Ó mú fóònù, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn náà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó yí orin padà. Bàbá lu àga. Ó yí òmíràn. Bàbá tún lù ú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń yí i lọ bẹ́ẹ̀, ó kan ọ̀kan, ọwọ́ Bàbá sì dúró. Bàbá mí kanlẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà lé orí ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ń sọ ọ́ fún mi," ọmọbìnrin náà wí. "Láti ọjọ́ yìí ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo wá lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn." Kò wo ẹ̀yìn. "Ẹnjiníà, jọ̀ọ́, jáde fún mi."

Ó jáde. Irú ìtìjú tó mú un lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn nǹkan tó tò létòlétò, kò lè fọwọ́ kan ìkankan. Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún níta ni ó ń gbé orí sókè, oníbàárà ni.

Àǹtí ló wá nígbẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò gbà kó gbé àga fún òun.

"Ó ní kí o gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá. Ó ní iṣẹ́ lòun fi pè ọ́ o, kì í ṣe ìfẹ́." Ó yíjú sápá kan. "Inú mi ò tíì yọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, nítorí náà mi ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ẹ̀bá ẹsẹ̀ Bàbá ni Ẹnjiníà ń jókòó sí. Wọ́n ti gbé àga náà padà sí ìdí ààrò. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, mo ṣẹ̀ yín." Bàbá wò ó, ó wo fóònù, ó sì fi ìka na fóònù náà bí ẹni tó ní kó yé fi àkókò òun ṣòfò. Ọmọbìnrin náà ń po ìyẹ̀fun, Ẹnjiníà ń fi orin lé orin, Bàbá ń lu àga fún èyí tí kò sí láyè rẹ̀, ó ń dákẹ́ fún èyí tó bọ́ sí i. Bí ọ̀kan bá ti bọ́ sáyè, Ẹnjiníà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà sí iwájú rẹ̀. Ohun èlò tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ṣí i mọ́. Ọmọbìnrin náà kì í bá a sọ ju "fi òmíràn" àti "dá a padà" lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni búrẹ́dì náà bẹ̀rẹ̀ sí pupa bó ṣe yẹ. Àwọn oníbàárà tó ti sá lọ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fa òórùn rẹ̀ símú. Àǹtí sọ fún ẹni tó fẹ́ gba ilé pé kó má bínú.

Ó wá ku orin kan ṣoṣo tí kò ní àyè. Ibi yòówù kí wọ́n fi í sí, Bàbá kò lu àga, kò sì mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín ló kàn máa ń rín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, tí yóò sì máa wo bẹ́ńṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọbìnrin náà fọ ọwọ́, ó sún mọ́ fóònù, ó tẹ́tí.

"Mo mọ èyí," ó wí. "Kì í ṣe ti iṣẹ́. Nígbà tí màmá mi wà láyé, bí páànù ìkẹyìn bá ti jáde, èyí ni Bàbá máa ń fi sí i. Àwọn méjèèjì á lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn, wọn ò ní sọ nǹkan kan."

Ó bu búrẹ́dì gbígbóná sí méjì. Ó fi ìdajì lé Bàbá lọ́wọ́. Ó di ìdajì kejì mú, ó dúró níwájú Ẹnjiníà.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán."

"Mo mọ̀."

"Nǹkan kan á tún jóná lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ ìwọ lo fà á, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún."

"Ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún."

"Nọ́ńbà wo lo wá fẹ́ kọ síwájú èyí?"

Ẹnjiníà ti na ìka sí i. Ó fà á padà.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi Bàbá."

Bàbá ti gbọ́ wọn. Ó rọra fi ọwọ́ lu apá àga lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì na ìka sí bẹ́ńṣì.

Ọmọbìnrin náà jáde lọ jókòó, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnjiníà fi orin náà sílẹ̀ láìkọ nọ́ńbà kankan sí i, ó lọ jókòó tì í, wọ́n sì ń jẹ búrẹ́dì náà títí orin fi parí.