Lẹ́tà Tí Lọ́yà Faleolo Yọ Kúrò

Ní ìlú Apia, ní erékùṣù kan lókè òkun, bí Lọ́yà Faleolo tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ bá ti kọ èrò rẹ̀ lórí béèlì, àwọn adájọ́ kì í sábà sọ pé rárá. Ó mọ òfin, ó sì ń fi yangàn. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ń sìn.

Ìjọba Niu Silandi ní kí wọ́n fa Setu, ọkùnrin kan tó wà ní àtìmọ́lé ní Apia, lé àwọn lọ́wọ́, nítorí ó lu Lagi ìyàwó rẹ̀ ní àlùbami níbẹ̀. Lagi ti sá wálé sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Faleolo kọ̀wé pé ìwé tí wọ́n fi béèrè ọkùnrin náà kò pé, pé kí wọ́n fún un ní béèlì, kò léwu fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà dókítà tó tọ́jú Lagi wà nínú fáìlì. Ó yọ ọ́ kúrò, kó má baà ta ko èrò rẹ̀.

Peniamina, akọ̀wé kóòtù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, rí i.

“Fale, lẹ́tà dókítà yẹn dà?”

“Akọ̀wé! Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lófin ni?”

“N ò kọ́ ẹ lófin o. Ọlọ́run ni mò ń rán ẹ létí.”

“Tóo bá rí i, bá mi kí i.”

Setu gba béèlì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó pa Lagi síbi tó ti ń ha àgbọn ní ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ó mà ṣe o!

Nígbà tí Faleolo gbọ́, ó sáré tọ Peniamina lọ. Peniamina ò fi í ṣẹ̀sín. “Òfin ò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́, Fale. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ni. Jẹ́wọ́ fún un, kóo sì lọ bá ìyá Lagi.”

Láàárọ̀, Faleolo jókòó sílẹ̀ níwájú ilé Sieni, ìyá Lagi, ó fi ẹní àtàtà bo ara rẹ̀ lórí, bí àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ibẹ̀ ti ń ṣe tí wọ́n bá ń tọrọ ìdáríjì. Ẹbí rẹ̀ ló yẹ kó bá a jókòó, àmọ́ kò pè wọ́n. Bí àwọn ará ilé Lagi bá fẹ́ ṣá a pa, kò ní sá. Oòrùn pa á títí di ọ̀sán, ó ń sunkún, ó ń jẹ́wọ́ lẹ́tà dókítà tó yọ kúrò, ó ń ké pe Jésù.

Sieni jáde, ó ṣí ẹní náà kúrò lórí rẹ̀.

“Mo ti dárí jì ẹ́ nítorí Jésù. Má tíì dìde. Kí ni dókítà kọ sínú lẹ́tà náà?”

Faleolo dáhùn: “Mama, ó ní bí wọ́n bá tú Setu sílẹ̀, á pa Lagi.”

Ìyá náà wó lulẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún.

Ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìwé yìí, Jésù gba Faleolo là lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Lagi ò jí. Ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ronú pìwà dà ni! Ìwọ ńkọ́? Ta ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ máa pa lọ́la? Kúnlẹ̀ nísinsìnyí, nígbà tí onítọ̀hún ṣì wà láàyè.